Ipa tí ilé iṣẹ́ òwú kó nínú ìtàn ìlú: láti Rochdale dé Kàkúrì

Ọmọ Lísàbí béèrè:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi ní gbàgede yìí. Ìlú Rochdale, lẹ́bàá Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ń gbé, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń kó ìtàn àdúgbò wa jọ. Ẹgbẹ́ náà fẹ́ tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde nípa àwọn ilé iṣẹ́ òwú tó wà ní agbègbè yìí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ní kí èmi náà kọ apá kan, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, àti pé òwú àti aṣọ kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí mo rí kà kò kọjá orúkọ àwọn tó ni ilé iṣẹ́ àti orúkọ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ. Mo ti kà á pé Richard Arkwright kọ́ ilé ìrànwú tó ń lo agbára omi sí Cromford ní 1771, àti pé Samuel Crompton ti Bolton ṣe ẹ̀rọ ìrànwú tirẹ̀ ní 1779. Ṣùgbọ́n kí ni ilé iṣẹ́ òwú sọ ìlú dà? Báwo ni ó ṣe kan oorun àwọn ènìyàn, oúnjẹ wọn, ìgbéyàwó wọn, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń dá sílẹ̀ àti ìsinmi wọn? Ìbéèrè mi kejì ni pé, ǹjẹ́ ibì kan wà tí ìtàn yìí ti kan ilẹ̀ wa ní tòótọ́? N kò fẹ́ fi ipá so ohun tí kò so pọ̀ mọ́ra. Mo bẹ̀ yín, kí ẹni tó bá mọ̀ là mí lọ́yẹ.

Ìyá Bolton fèsì:

Ọmọ Lísàbí, o kú akitiyan. Bolton ni mo fi ṣe ilé láti ìgbà pípẹ́, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo sì ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá tí mo tọ́jú ló lo ìgbà èwe wọn ní ilé ìrànwú tàbí ilé ìhunṣọ, nítorí náà púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ ni mo gbọ́ lẹ́nu wọn.

Ariwo ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀rọ ìhunṣọ ti ń ju ọ̀kọ̀ síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, bó ti wù kí ènìyàn pariwo tó, ẹni tó dúró tì í kò ní gbọ́ ọ, ìdí nìyí tí àwọn ahunṣọ fi kọ́ bí a ti ń ka ọ̀rọ̀ ní ètè ara wọn. Wọn a la ẹnu dáadáa, wọn a fa ètè, wọn a fi ojú àti ọwọ́ kún un, ohùn kankan kò sì ní jáde. Ìyá kan tí mo tọ́jú ṣì ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí láti ìkángun kan yàrá ìjẹun sí ìkángun kejì, nígbà tí àwọn méjèèjì ti lé ní ọgọ́rin ọdún, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọn kò fẹ́ kí àwa òṣìṣẹ́ gbọ́. Etí púpọ̀ nínú wọn ti di. Eruku òwú tí wọ́n fà símú ti ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn mìíràn jẹ́, wọ́n sì máa ń sọ fún mi pé ọjọ́ Ajé, tí wọ́n bá ti ibi ìsinmi ọjọ́ Àìkú padà sẹ́nu iṣẹ́, ni àyà máa ń há wọn jù lọ. Queen Street Mill ní Burnley, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1894, fi ẹ̀ńjìnnì tí ooru omi ń yí hun aṣọ títí di 1982, ó sì ti di musíọ̀mù báyìí. Bí ó bá ṣeé ṣe fún ọ láti débẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá tan díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà, lọ, nítorí àwòrán kò lè fi ariwo hàn ọ́.

Ilé iṣẹ́ ló ń pín àkókò fún ìlú. Ẹnì kan wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú ọ̀pá gígùn kiri ní ìdájí, kí ó máa fi kan fèrèsé òkè ilé àwọn òṣìṣẹ́ títí wọn yóò fi jí, àwọn onílé a sì máa san owó díẹ̀ fún un lọ́sẹ̀. Ní ìgbà ooru, ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ tí gbogbo ilé iṣẹ́ inú rẹ̀ máa ń ti ilẹ̀kùn pọ̀, gbogbo àdúgbò a sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí etí òkun ní Blackpool. Àwọn tí ilé wọn kò jìnnà síra ní Bolton tún máa ń wà nítòsí ara wọn níbẹ̀. Kí òfin 1938 nípa owó ìsinmi tó dé, kò sí owó iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ náà, nítorí náà wọ́n ń dá àjọ ní ilé iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kí wọ́n lè rí nǹkan ná.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni mo fẹ́ kí o tẹnu mọ́ jù. Ní àwọn ìlú ìhunṣọ bíi Burnley àti Blackburn, obìnrin tó ti lọ́kọ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, iye kan náà ni wọ́n sì ń san fún ọkùnrin àti obìnrin lórí aṣọ tí ó bá hun. Obìnrin tó ń gba owó tirẹ̀ tún ń wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó sì ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní 1901, àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ òwú Lancashire kó ìwé ẹ̀bẹ̀ kan lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London pé kí wọ́n fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ ìdìbò, àwọn 29,359 ló sì fọwọ́ sí i. Annie Kenney, tó di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjà náà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ní ilé iṣẹ́ òwú nítòsí Oldham nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ̀rọ sì gé e ní ìka níbẹ̀. Iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ yìí, tí ọmọdé fi ń wà ní ilé iṣẹ́ ní òwúrọ̀ tí ó sì ń tòògbé ní ilé ìwé ní ọ̀sán, kò kúrò nílẹ̀ pátápátá títí di lẹ́yìn òfin ẹ̀kọ́ ti 1918.

Rochdale tí o wà gan-an kò kéré nínú ìtàn yìí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1844, àwọn ènìyàn 28, tí ahunṣọ pọ̀ nínú wọn, ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Toad Lane pẹ̀lú owó £28 tí wọ́n dá jọ díẹ̀díẹ̀, nítorí ó ti sú wọn láti máa ra ìyẹ̀fun tí wọ́n ti da nǹkan mìíràn mọ́. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun ọ́ọ̀tì àti àbẹ́là ni wọ́n kọ́kọ́ tà, wọ́n sì ń pín èrè fún ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí iye tí ó bá rà. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wà nílé, tí òfin ìjọba àmúnisìn ti 1935 fi ẹsẹ̀ wọn múlẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó, ìlànà Rochdale ni wọ́n tẹ̀ lé. O kò ní láti fi ipá so èyí pọ̀.

Akọ̀wé Ìtòkú fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Bolton, ẹ̀kọ́ ńlá ni wọ́n kọ́ wa. Ohun tí mo fẹ́ kí Ọmọ Lísàbí fi ṣáájú ni pé òwú kì í hù ní Lancashire. Kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1861, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún òwú tó ń wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń wá láti gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn ẹrú tí a kó bàbá ńlá wọn láti ilẹ̀ adúláwọ̀ ló sì ń gbìn ín tí wọ́n ń ká a. Quarry Bank ní Styal, tí Samuel Greg kọ́ ní 1784, lẹ́wà púpọ̀. Ilé àwọn òṣìṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìjọsìn àti ilé àwọn ọmọdé tí wọ́n gbà síṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀ fún àlejò láti wò. Ìdílé Greg yìí kan náà ní oko àti ẹrú ní erékùṣù Dominica. Ìtàn abúlé náà kò pé bí ènìyàn bá fi èyí sílẹ̀.

Nígbà tí ogun dí ọ̀nà òwú, àwọn ilé iṣẹ́ tì, ebi sì wọ Lancashire láti 1861 títí di 1865. Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn: Alexandra Park ní Oldham, tí wọ́n ṣí ní 1865, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ òwú tí kò níṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà olókùúta tó gba orí òkè Rooley Moor kọjá nítòsí rẹ. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1862, àwọn òṣìṣẹ́ pé jọ ní Manchester, wọ́n sì kọ̀wé sí Abraham Lincoln pé àwọn wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ìjà rẹ̀ pẹ̀lú ìmúnilẹ́rú. Kì í ṣe gbogbo ìlú ló ronú báyìí, àwọn kan fẹ́ kí gúúsù borí kí òwú lè máa wá. Lincoln dá wọn lóhùn ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 1863. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi oúnjẹ ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ George Griswold, àgbá ìyẹ̀fun kan lára rẹ̀ sì wà ní Touchstones, musíọ̀mù ìlú Rochdale. Lọ bá wọn níbẹ̀, kí o béèrè rẹ̀.

Ibi tí Abẹ́òkúta ti wọ inú ọ̀rọ̀ nìyí. Láti nǹkan bí 1850 ni Henry Venn, akọ̀wé CMS (ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà), àti Thomas Clegg, oníṣòwò Manchester, ti ń fi ẹ̀rọ tí a fi ń yọ kóró òwú ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, pẹ̀lú èrò pé bí àwọn ènìyàn bá rí èrè lórí òwú, òwò ẹrú yóò parí. Wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́ Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé, lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ òwú. Henry Robbin wà lára wọn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1859, Martin Delany àti Robert Campbell bá Aláké àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn pé kí àwọn adúláwọ̀ láti Amẹ́ríkà wá tẹ̀dó síbẹ̀, òwú sì wà nínú ohun tí wọ́n fẹ́ gbìn. Àdéhùn náà kò so èso, ṣùgbọ́n Campbell padà wá gbé ní Èkó. Kò yẹ kí a fi pamọ́ pé ẹrú àti ìwọ̀fà wà lára àwọn tó ń ro oko òwú tí àwọn Ẹ̀gbá ń tà fún Manchester yìí. Bí o bá bi ìdílé Greg léèrè, ó di dandan kí o bi tiwa náà.

Owó òwú já wálẹ̀ lẹ́yìn ogun Amẹ́ríkà náà, rògbòdìyàn Ìfọ́lé ti 1867 sì lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò nílùú. Ní 1902, àwọn oníléeṣẹ́ Lancashire dá ẹgbẹ́ British Cotton Growing Association sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì tún gbé òwú wá bá wa: wọ́n kọ́ ilé ìyọwú, wọ́n sì gbin òwú ìdánwò sí Moor Plantation ní Ìbàdàn. Àwọn àgbẹ̀ wa wo owó òwú, wọ́n wo owó kòkó, wọ́n sì yan kòkó. Àwọn ahunṣọ wa pẹ̀lú ń ra òwú ní iye tó dára ju ti ẹgbẹ́ náà lọ. Mo gbà pé ìpinnu ọlọ́gbọ́n ni wọ́n ṣe.

Má sì ṣe sọ pé aṣọ Manchester kàn pa iṣẹ́ wa run. Ó pa ìrànwú ọwọ́ lára púpọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun tín-ín-rín tí ẹ̀rọ Lancashire hun ni àwọn ìyá wa ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, ń fi ẹ̀kọ yà, tí wọ́n ń fi ràfíà dì, kí wọ́n tó rì í sínú ìkòkò aró. Kíjìpá tó nípọn kì bá tí gba àwòrán wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn aláró di ọlọ́rọ̀ nípasẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ sódà àti aró òyìnbó fi di ìjà láàárín wọn àti Aláké Adémọ́lá ní 1936. Ẹnu iṣẹ́ kan náà ni obìnrin Burnley àti obìnrin Ìtòkú wà láìmọ ara wọn.

Ọmọ Kàkúrì fèsì:

Mo kí yín o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ṣùgbọ́n Kàkúrì ní gúúsù Kàdúná ni a bí mi sí tí mo sì dàgbà sí, bàbá mi sì ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìrànwú ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀. Ìtàn Lancashire kò parí sí Lancashire. Kaduna Textiles Limited (KTL), tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, ìjọba Àríwá lábẹ́ Sir Ahmadu Bello ló dá a sílẹ̀ pẹ̀lú David Whitehead & Sons, ilé iṣẹ́ tó ti Rawtenstall wá, ìlú tí kò jìnnà sí Rochdale tí Ọmọ Lísàbí ń gbé. Ẹ wo àkókò náà. Ní 1958, aṣọ òwú tó ń wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ju èyí tó ń jáde lọ. Ní 1959, ìjọba wọn ṣe òfin pé àwọn yóò sanwó fún oníléeṣẹ́ tó bá fọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ dànù. Bí àfonífojì Rossendale, níbi tí Rawtenstall wà, ti ń dákẹ́ ni Kàkúrì ń jí. Lẹ́yìn KTL ni Arewa Textiles, Norspin àti United Nigerian Textiles dé láàárín ọdún díẹ̀, òwú láti Funtua, Zaria àti Gusau sì ń wọlé tìrìgbàgìrì.

Gbogbo ohun tí Ìyá Bolton sọ nípa àkókò la rí. Ìpín iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n pín ọjọ́ sí, ti òwúrọ̀, ti ọ̀sán àti ti òru, àwọn obìnrin tó ń ta kókó àti kóòsé sì ti mọ ìṣẹ́jú tí géètì yóò ṣí. Bí ìpín òru bá jáde, òwú funfun a wà ní irun orí àti ìpéǹpéjú àwọn ọkùnrin, wọn a dúró jẹun kí wọ́n tó wọ kẹ̀kẹ́ wọn lọ sílé. Àwa ọmọ kò gbọ́dọ̀ pariwo ní ọ̀sán bí bàbá bá ti òru dé. Hausa ni èdè tí gbogbo wa ń sọ, yálà ọmọ Katsina, Tiv, Igbo, Bajju tàbí Yorùbá. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ ti gbilẹ̀. Adams Oshiomhole tó di ààrẹ NLC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, tó sì di gómìnà Edo lẹ́yìn náà, láti iṣẹ́ ní Arewa Textiles ló ti bẹ̀rẹ̀.

KTL tì ní 2002. United Nigerian Textiles tì ní 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì pàdánù iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tún ṣí apá kan rẹ̀ ní 2010. Iná mànàmáná tí kò sí, epo dúdú tó wọ́n, àti aṣọ fàyàwọ́ tí wọ́n fi àwòrán wa tẹ̀ tí wọ́n sì ń tà ní owó pọ́ọ́kú ló fà á. Nígbà tí géètì tì, àwọn tó ń ta kókó lọ, onílé kò rí ayálégbé, àwọn ilé ìwé aládàáni kékeré tú ká, àwọn ìyá tó ti ń fi òwò kún owó ọkọ sì wá di ẹni tó ń gbọ́ bùkátà gbogbo ilé. Ní Èkó, ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà níbẹ̀, òkìríkà sì pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ná ọjà náà kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ìhunṣọ ló fún un lórúkọ.

Ọmọ Lísàbí fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà mi, àti ìwọ Ọmọ Kàkúrì. N kò mọ̀ pé Rawtenstall, ibi tí mo máa ń gbà kọjá, ni KTL ti tan mọ́ wa. Mo ti pinnu pé ọ̀rọ̀ Rawtenstall àti Kàkúrì ni máa fi ṣe òpó apá tèmi, kí ọ̀rọ̀ Ìtòkú sì wà láàárín. Ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́, àwọn wo ni kí n kọ́kọ́ lọ bá ní Rochdale, kí sì ni kí n béèrè?

Ìyá Bolton fèsì:

Ọmọ mi, àwọn tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ni kí o kọ́kọ́ lọ bá, nítorí àwọn náà ti ń darúgbó. Béèrè ohun tí wọ́n jẹ ní àkókò ìsinmi kékeré, ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́, ibi tí wọ́n ti pàdé ọkọ tàbí aya wọn, àti ohun tí wọ́n ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ilé iṣẹ́ tì. Bí wọ́n bá ní ìwé owó oṣù tàbí káàdì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, bẹ̀ wọ́n kí o ya àwòrán rẹ̀.

Má sì fi àwọn ará Pakistan àti Bangladesh sílẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 títí di àwọn ọdún 1970, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ tó kù ń sá eré àsápajúdé láti má ṣe tì, àwọn ọkùnrin yẹn ló pọ̀ jù nínú ìpín òru ní Rochdale àti Oldham, àwọn ni wọ́n sì kọ́ mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òpópónà rẹ lónìí. Ìwé ìtàn ìlú kì í sábà dárúkọ wọn nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ òwú. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní Urdu, Punjabi tàbí Bengali bí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ wọn sì bá ọ túmọ̀ rẹ̀.